Kílóò gàrí kì í ṣe kílóò ẹ̀gẹ́

Àbúrò, ibi tí o ti ṣubú yẹn gan-an ni èmi náà ti ṣubú, tèmi sì wá ṣẹlẹ̀ níṣojú ọ̀gá. O ní o ṣírò yield variance, ìyẹn owó ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjà tó yẹ kó jáde àti èyí tó jáde gan-an, ₦20,000 ló jáde, àmọ́ ₦80,000 ló wà níbi ìdáhùn, o sì ń wá ọ̀nà tí ₦60,000 gbà lọ.

Ilé iṣẹ́ gàrí ni mo ti kọ́gbọ́n. Ká ní standard wa, ìyẹn ìwọ̀n tí a ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni pé ẹ̀gẹ́ kílóò 4 ló ń di gàrí kílóò 1, kí kílóò ẹ̀gẹ́ kan sì jẹ́ ₦100. Lóṣù yẹn a lo ẹ̀gẹ́ kílóò 10,000. Ó yẹ kí gàrí kílóò 2,500 ti ibẹ̀ jáde, 2,300 la rí. Kílóò 200 ti wọlẹ̀.

Mo fi ₦100 sọ 200 di púpọ̀, mo gbé ₦20,000 lọ bá ọ̀gá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ ta kílóò gàrí kan fún ọ ní ₦100?"

Gbogbo ẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gàrí ni kílóò 200 yẹn, owó ẹ̀gẹ́ ni ₦100. Ẹ̀gẹ́ tó ń wọ inú gàrí kílóò kan jẹ́ ₦400, torí náà 200 lọ́nà ₦400, ₦80,000, adverse, ìyẹn ni pé a pàdánù. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o gbà á, gba ẹ̀yìn wò ó: gàrí 2,300 yẹ kó jẹ ẹ̀gẹ́ 9,200, a lo 10,000, ẹ̀gẹ́ 800 tó lé, lọ́nà ₦100, ₦80,000 náà ni. Má sì fi iye tí ẹ rà á lọ́jà ṣe é o. ₦90 la ra tiwa, ṣùgbọ́n price variance, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wá láti iye tí a rà á, ló ni ₦10 tó dín.

₦10 yẹn gan-an ló ṣì ń dùn mí. Nípàdé, wọ́n ń yin ẹni tó ra ẹ̀gẹ́, torí ó fi ₦100,000 pamọ́ fún wa. Àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gẹ́ ni wọ́n yíjú sí, pé wọ́n ń bó ara mọ́ èèpo. Èmi tí mo gbé ìṣirò wá, mo dákẹ́. Ọjọ́ kejì ni mo tó lọ sẹ́yìn ilé lọ wo ẹ̀gẹ́ tó kù. Mo ṣẹ́ ọ̀kan, ìlà dúdú ló wà nínú rẹ̀. Ó ti sùn nínú oko fún ọjọ́ 3 kí ọkọ̀ tó gbé e, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wú kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí tó fi pọ́ọ́kú nìyẹn. Èyí tó bàjẹ́ ni àwọn ìyá yẹn ń gé dànù. Láti ìgbà náà, ojú ìwé kan náà ni mo ń kọ price àti yield sí.

Favourable, ìyẹn ìyàtọ̀ tó jọ èrè, náà máa ń tan ni. Oṣù kan wà tí gàrí wa lé, inú mi dùn, àṣé àwọn tó ń yan án ti ń tètè kó o kúrò nínú agbada. Omi la gbé sórí òṣùwọ̀n. Kò pẹ́ tó fi ń bu nínú àpò. Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, ní omi inú gàrí kò gbọ́dọ̀ ju 12% lọ. Tí wọn kò bá tíì yẹ omi rẹ̀ wò, n kì í ka kílóò rẹ̀.

Tó bá jẹ́ nǹkan méjì tàbí mẹ́ta lẹ ń pò, bí ìyẹ̀fun àti ṣúgà, mix variance, ìyẹn ìyàtọ̀ owó tó wá nítorí pé ẹ kò pò wọ́n bí standard ṣe wí, ni kí o kọ́kọ́ ṣe, kí o tó ṣe yield. Ro méjèèjì pọ̀. Bí kò bá bá usage variance, ìyẹn ìyàtọ̀ owó gbogbo ohun èlò tí ẹ lò, mu, padà sẹ́yìn, o ti ṣìnà níbì kan.