Ẹran Erin Ṣì Wà Nínú Igbó, Ẹ Jẹ́ Kó Ra Fọ́ọ̀mù JAMB

Ẹ kú ọ̀sẹ̀ yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà méjì péré ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí, Ìkòròdú ni méjèèjì ti wá, ọ̀rọ̀ àdímíṣọ̀n òkè òkun ni méjèèjì sì dá lé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o Àǹtí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, Ìgbógbò la ń gbé. Mo ṣe WAEC lọ́dún tó kọjá, ó dáa gan-an, tíṣà físíìsì wa ló ní kí n gbìyànjú MIT, yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, mo ṣe SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì lọ́hùn-ún, mo kọ gbogbo ẹ́sè wọn, mo fi ránṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. Látìgbà yẹn Àǹtí mi ò gbádùn. Mo máa ń ṣí ìmeèlì mi kí n tó fọ ẹnu, tí dátà bá tán màá lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó tan hotspot fún mi, lóru mo máa ń lálàá pé wọ́n ti mú mi, ọjọ́ kejì màá lálàá pé wọn ò mú mi. Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà, bàbá mi ni. Wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mò ń lọ Amẹ́ríkà, wọ́n ti jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà wa ń pè mí ní Ìyá Òyìnbó. Mo wá ní kí wọ́n fún mi lówó fọ́ọ̀mù JAMB, wọ́n ní rárá o, pé àìnígbàgbọ́ nìyẹn, pé a kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Màámi ò sọ nǹkan kan. Ṣé lóòótọ́ ni pé tí mo bá ra JAMB mo ti ṣiyèméjì? Ìgbà wo gan-an sì ni èsì yìí ń jáde, torí oríṣiríṣi là ń gbọ́. — Ọmọ Ìgbógbò

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú ìfaradà. Ìyá Òyìnbó yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, má bínú.

Jẹ́ ká ti orí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, òun ló yá. Ìwọ tó o fi ránṣẹ́ loṣù kìíní, Regular Action ni wọ́n ń pe tiyín, ó sì ti pẹ́ tí MIT ti sábà máa ń gbé e jáde lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́, ló bá di 3.14, nọ́ńbà pai tó o kọ́ nínú mátíìsì. Aago 6:28 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì fẹ́ràn láti gbé e síta, ìyẹn pai lọ́nà méjì, àwọn èèyàn yẹn ò lè ṣe nǹkan kan kí wọ́n má fi ìṣirò ṣeré. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rèé: aago tiwọn nìyẹn o, kì í ṣe tiwa. Tó o bá bi wọ́n ní Sábó wọ́n á ní wákàtí mẹ́fà la fi ṣáájú wọn, òótọ́ ni nígbà ọ̀gìnnìtìn, àmọ́ ọjọ́ Sọ́ńdè kejì nínú oṣù kẹta ni wọ́n máa ń sún aago wọn síwájú, kó tó di ọjọ́ 14 alẹ́ yẹn ó ti ku wákàtí márùn-ún. Aago 11:28 alẹ́ ló máa jẹ́ ní Ìgbógbò. Wọ́n máa ń kéde ọjọ́ àti aago ṣáájú, èyí tí wọ́n bá kéde lọ́dún yìí ni kó o dì mú, orí portal tí wọ́n fún ẹ lo sì ti máa wò ó. Fún ìdí èyí, ìmeèlì tó ò ń jí ṣí láìfọ ẹnu yẹn, fọ ẹnu ẹ jàre. Nǹkan kan ṣoṣo tó yẹ kó o mójú tó lóṣù kejì ni fọ́ọ̀mù kékeré tí wọ́n ń pè ní February Updates and Notes, tí wọ́n fi ń béèrè nǹkan tuntun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ látìgbà tó o ti kọ̀wé, lọ wò ó bóyá o ti ṣe é.

Ó wá kan Dádì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn o, bàbá tó ń fi ọmọbìnrin tó mọ físíìsì yangàn, irú wọn ò pọ̀. Òwe tí wọ́n pa, òwe gidi ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi wọ́n, ẹran erin dà? Ta ló rí i lórí ẹ? Erin yẹn ṣì wà nínú igbó tó ń jẹ ewé, ìbọn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn, a ò tíì mọ ibi tí ọta bà. Lọ́dún 2024 àwọn 28,232 ló kọ̀wé sí MIT, 1,275 ni wọ́n mú. Ká ní bọ́ọ̀lù là ń wò ní pápá, ẹgbẹ́ méjèèjì wà lórí odán, gbogbo àwọn méjìlélógún, wọ́n wá ní ẹnì kan ṣoṣo làwọn máa mú nínú wọn, gbogbo wọn ló sì mọ bọ́ọ̀lù gbá o! Fún àwa tá à ń ti orílẹ̀-èdè mìíràn kọ̀wé, ó tún le jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó dáa níbẹ̀ ni pé wọn kì í wo àpò bàbá ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó mú un, kódà tó bá jẹ́ àjèjì. Àmọ́ tí wọ́n bá tiẹ̀ mú ẹ lóru ọjọ́ yẹn, àdímíṣọ̀n lọ́tọ̀, físà lọ́tọ̀.

JAMB náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹta ni wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Ṣé o rí i? Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù kí MIT sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ti Amẹ́ríkà ná, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn, ó di ọdún mìíràn, torí máàkì ọdún kan ni JAMB ń lò fún ọdún kan. Ṣé ìrẹ̀ wá ni UNILAG ni? LASUSTECH tó wà níwájú ilé wa níbí, tó ti di yunifásítì láti 2022 (a ṣì ń pè é ní Poly, ẹnu ò tíì yí padà), ṣé ìrẹ̀ nìyẹn náà?

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ. Lọ́dún tí mò ń retí àdímíṣọ̀n, kò sí portal, ojú bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń lẹ orúkọ mọ́, èèyàn á wọ bọ́ọ̀sì láti Ìta Ẹlẹ́wà láàárọ̀ kùtù, á lọ na ọrùn láàárín èrò máa wá orúkọ ẹ̀. Bàbá mi ti ra ewúrẹ́ sílẹ̀ de ayẹyẹ. Fọ́ọ̀mù poly tí mo fẹ́ rà, wọ́n ní kí n má rà á, kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Orúkọ mi ò sí nínú ìwé àkọ́kọ́, kò sí nínú èkejì. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu, ó ń sanra, a ò mọ̀ pé ó ti lóyún, àfi bó ṣe bí méjì mọ́ wa lọ́wọ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi jókòó ti ìyá ewúrẹ́ àtàwọn ọmọ ẹ̀. Ìgbà tí mo wọlé lọ́dún kejì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn la pa, ìyá ẹ̀ dúró ńbẹ̀ tó ń wò wá.

Má lọ fi ọ̀rọ̀ erin mi yìí dá bàbá ẹ lóhùn o, èmi ni mo lè sọ ọ́, ìwọ ò lè sọ ọ́. Màmá ẹ ni kó o bá sọ̀rọ̀. Ìyá tó dákẹ́ ò túmọ̀ sí pé ó fara mọ́ ọn, ó lè jẹ́ pé ó ń wá ẹni tó máa bẹ òun ni. Kí Màmá bá Dádì sọ ọ́ lóru, tí oúnjẹ ti wọlé, tí kò sí ẹlòmíì ńbẹ̀. Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, pásítọ̀ yín tó gbọ́ ẹ̀rí yẹn ni kẹ́ ẹ rán sí wọn. Ìwọ ní tìẹ, fi NIN ẹ ránṣẹ́ sí 55019 báyìí kó o gba profile code tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, torí àwọn CBT center máa ń kún fọ́fọ́ tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, èèyàn á tò láti àárọ̀ kó tó tẹ ìka.

Lóru ọjọ́ 14 yẹn, ìwọ àti màmá ẹ nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí i. Wọ́n lè gbà ẹ́, wọ́n lè kọ̀, wọ́n lè fi ẹ́ sí waiting list, tí wọ́n bá gbà ẹ́ o ní títí di ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún láti fèsì, kò sí ìdí láti lu ilẹ̀kùn ìyá ẹlẹ́pà láàjìn.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ọkùnrin kan ní òun ní èèyàn nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń mú ọmọ ní yunifásítì Amẹ́ríkà tí ọmọ mi kọ̀wé sí, MIT yẹn náà ni, ká san ₦400,000 kí wọ́n fa fáìlì ẹ̀ sókè kí èsì tó jáde. Ọmọ mi ní kí n má san án. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jẹ́ pé owó ni mo fi dí i lọ́nà. — Bàbá kan, Sábó

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má san án. Ibi tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, tí bàbá ọmọ bá tiẹ̀ kàwé jáde níbẹ̀ wọn kì í tìtorí ìyẹn gba ọmọ, ṣé ará Sábó ló wá máa fa fáìlì? Lọ́dún 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà mú ọ̀gbẹ́ni kan, William Singer, tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn olówó láti fi èrú ti ọmọ wọn wọ yunifásítì ńláńlá. Wọ́n mú àwọn òbí mọ́ ọn, kódà Felicity Huffman tó ń ṣeré sinimá gba ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 14. Singer fúnra ẹ̀ gba ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ lọ́dún 2023. Àwọn yẹn tiẹ̀ mọ èèyàn nínú lóòótọ́ o.

Tó bá tún pè, ẹ ní owó ti wà ńlẹ̀, kó wá gbà á nílé, kó mú ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀ dání kó sì buwọ́ lùwé fún yín níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, kò ní wá.