Q School àti ipò nínú snooker: ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín fo ìdíje kankan

Ẹ ní àbúrò yín tó wà ní Leeds, ọmọ ogún ọdún, fẹ́ lọ sí Q School (ìdíje ni o, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́) lọ́dún tó ń bọ̀ kó lè gba káàdì tó ń jẹ́ kí èèyàn wọ ìdíje àwọn tó ń fi snooker jẹun. Ẹ wá ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ka ipò, àti iye ìdíje tó gbọ́dọ̀ gba ife rẹ̀ kí káàdì náà má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ sí Q School ní 2019. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kò tíì kúrò lára mi, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ti ipò kò le. Owó ni. Láti 2014 ni wọ́n ti pa ètò àmì àtijọ́ tì, pọ́n-ún kan tí èèyàn bá gbà nínú ìdíje tí wọ́n fi ń ka ipò ti di àmì kan. Owó ọdún méjì ni wọ́n ń kà pọ̀. Bí ìdíje kan bá parí lọ́dún yìí, owó tí èèyàn gbà nínú ìdíje yẹn kan náà lọ́dún méjì sẹ́yìn á bọ́ kúrò. Luca Brecel gba ife àgbáyé ní 2023, £500,000 ni. Ní oṣù karùn-ún 2025 owó yẹn bọ́, òun náà sì já kúrò láàárín àwọn 16 tó wà lókè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì, òdo ló ti ń bẹ̀rẹ̀, sáà méjì ló sì ní. Bí sáà kejì bá parí tí kò sí láàárín àwọn 64 àkọ́kọ́, Q School ni ọ̀pọ̀ wọn ń padà lọ. Ti Masters ní London kò sí nínú ìṣirò yìí o, bí owó rẹ̀ ṣe pọ̀ tó náà, torí àwọn 16 tó wà lókè nìkan ni wọ́n ń pè. Ó tán. Ẹ lè rí ìyẹn kà níbi gbogbo.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ.

Robin Park ní Wigan la ti gbá a. Ìdíje mẹ́ta ni wọ́n tò tẹ̀léra, ẹni mẹ́rin ló ń rí káàdì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, eré kọ̀ọ̀kan pín sí fíréèmù, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ jẹ mẹ́rin nínú wọn ló borí. Nínú ìdíje kìíní mo ti lé ẹni méjì lọ. Èmi àti ẹnì kẹta di 3–3. Nínú fíréèmù ìkẹyìn mo ní àmì 52, ó ní 21, bọ́ọ̀lù pupa mẹ́ta ló kù lórí tábìlì. Ó wá ti bọ́ọ̀lù funfun lọ lẹ̀ mọ́ etí tábìlì nísàlẹ̀. Pupa kan wà lókè lọ́hùn-ún, mò ń rí i gbangba, kò sí ohun tó dí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbá a láàárín, á tú méjì yòókù ká fún un. Mo ní kí n kàn ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí funfun sì padà wá sísàlẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àlàfo ibẹ̀ kò nípọn ju ìwé lọ. Rẹfirí ké “foul and a miss”, pé mo ṣẹ̀, mo sì tàsé bọ́ọ̀lù tó yẹ kí n gbá, ó fún ẹni tí mò ń bá gbá a ní àmì mẹ́rin, ó dá bọ́ọ̀lù padà síbi tó wà. Mo tún ha á, mo tún tàsé. Ó kìlọ̀ fún mi. Mo gbọ́ ọ, mo tiẹ̀ mi orí sí i, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó wà nínú ìkìlọ̀ náà: bí èèyàn bá ń rí bọ́ọ̀lù yẹn tààrà, tó tàsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, fíréèmù ti lọ nìyẹn. Ọwọ́ mi ti ń làágùn, ṣọ́ọ̀kì ti di ẹrẹ̀ sí àtàǹpàkò mi. Mo ha á nígbà kẹta, mo tún tàsé. Ẹni tí mò ń bá gbá a na ọwọ́ sí mi kí a bọ ọwọ́, mo dúró mò ń wò ó, torí lójú tèmi 52 sí 29 ni eré wà, èmi ni mo sì wà níwájú.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi san owó fún olùkọ́ kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò fi òfin yẹn kọ́ mi rí. Bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń di igi mú, òun ló ń wí láàárọ̀ lálẹ́. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ ọmọ, wọn ò ní bá a ṣí ìwé òfin lẹ́ẹ̀kan.

Òun náà ló tún ní kí n má wulẹ̀ gbá ìdíje kejì, kí n lọ sinmi, kí n kó agbára jọ de ìkẹta. Mo gbọ́ tirẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sílé ní Manchester. Nígbà tí ìkẹta dé, ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé lé mi lọ, 4–1. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ nípa Order of Merit. Gbogbo fíréèmù tí èèyàn jẹ nínú ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń rò pọ̀ síbẹ̀, títí kan èyí tó jẹ nínú eré tó pàdánù, àkójọ yẹn ni wọ́n sì ń wò bí àyè bá ṣí nínú ìdíje àwọn oníkáàdì. Méjìlá ni tèmi. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n lé dànù níbi tí wọ́n ti lé èmi náà nínú ìdíje kìíní, ó gbá ìkejì, ó sì fi mí sílẹ̀ jìnnà lórí àkójọ náà. Owó ìforúkọsílẹ̀ kan náà ni àwa méjèèjì san. Nítorí náà, ìdíje yòówù kí wọ́n tò, kí àbúrò yín gbá gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ń pàdánù ní 3–0, kó jà fún fíréèmù kan ṣoṣo yẹn.

Ti fọ́ọ̀mù àti ibùsùn kò ṣòro. Kó má ṣáà fi iṣẹ́ sílẹ̀ o, kó gba ìsinmi lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀ nípa tẹ́tẹ́ náà. Mo mọ àwọn ọmọ wa, fóònù ni wọ́n fi ń ta á tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá wọ ètò yìí kò gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí snooker rárá, ì báà jẹ́ eré tí kò sí òun níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ Zhao Xintong, pé kò ní káàdì lọ́wọ́ tó fi gba àwọn eré ìyege wọ Crucible, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá ife àgbáyé, ní 2025, tó na Mark Williams 18–12 nínú àṣekágbá, tó di ará Ṣáínà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ àti màgòmágó, oṣù ogún ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé e sílé, àwọn mẹ́wàá ni wọ́n jọ jìyà ọ̀rọ̀ náà, méjì nínú wọn kò sì lè padà gbá a mọ́ láyé wọn.

N ò tíì dáhùn èyí tí ẹ béèrè gan-an, iye ife tó gbọ́dọ̀ gbà. Kò pọn dandan kó gba ọ̀kankan. Eré kan níbí, méjì lọ́hùn-ún, owó wọn ló ń pọ̀ di 64. Àwọn eré ìyege ti ife àgbáyé ni kó fojú sí jù, ní oṣù kẹrin ní Sheffield, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Leeds. Owó ibẹ̀ tóbi, ìparí sáà ló sì bọ́ sí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní bèbè 64 ti ń mọ̀ bóyá káàdì ṣì kù lọ́wọ́ wọn.