Ẹ Bi Àǹtí: Ọjọ́ Kan Nínú Sọ́mà Pẹ̀lú Ẹyẹ Etí Omi àti Labalábá

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú sọ́mà tó kọjá, èmi àtìyàwó mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì lọ sétí òkun ní Sátidé kan láti wo àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó máa ń rìn nínú ẹrẹ̀, a ní tá a bá ṣe tán àá lọ wo labalábá nínú pápá tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Aago méjìlá ọ̀sán la débẹ̀. Ẹrẹ̀ lásán la bá, àwọn ẹyẹ wà lọ́hùn-ún réré, wọ́n rí tíntìntín bí èèrà, bá a sì ṣe ní ká sún mọ́ wọn báyìí gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Labalábá ọ̀hún ò tó márùn-ún torí atẹ́gùn pọ̀. Àwọn ọmọ ti ní àwọn ò lọ mọ́. Kí la ṣe tí ò dáa? Ṣé bínókúlà olówó ńlá ni ká rà ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó dùn mí fáwọn ọmọ yẹn. Táímù ló gbé yín ṣubú. Aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn ẹ̀dá méjèèjì yìí ń wò: labalábá ń wo oòrùn, ṣùgbọ́n ẹyẹ etí omi, òkun tó ń kún tó ń fà ló ń pàṣẹ fún un, ì báà jẹ́ lóru.

Inú ẹrẹ̀ loúnjẹ wọn wà, ekòló òkun, akàn kéékèèké àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tómi bá ti fà tán, ilẹ̀ á ṣí sílẹ̀ lọ súà, wọ́n á fọ́n ká lọ síbi tó jìnnà jù, ibẹ̀ lẹ bá wọn yẹn. Àmọ́ tómi bá ń padà bọ̀, díẹ̀díẹ̀ láá máa gbalẹ̀ lọ́wọ́ wọn táá sì máa tì wọ́n bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín, ìdí nìyẹn témi fi máa ń débẹ̀ ní bíi wákàtí méjì kómi tó kún, màá jókòó jẹ́ẹ́, màá jẹ́ kí òkun fúnra ẹ̀ kó wọn wá bá mi. Láti ìgbà tómi bá kún sígbà tó máa tún kún, bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ni, torí náà lójoojúmọ́ ó ń fi bíi ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Ẹ wo àkókò ìkún omi lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́ o, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mú un tán.

Ọjọ́ tómi máa kún ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ débẹ̀ ní méje, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Nígbà tó bá fi máa tó mẹ́wàá, àwọn ẹyẹ á ti kóra jọ sójú kan láti sinmi, ọ̀pọ̀ wọn á ti ká ẹsẹ̀ kan sínú ìyẹ́ kí ooru ara wọn má baà lọ, ìgbà yẹn gan-an ni labalábá ń ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Iṣan tó fi ń fò gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 30°C kó tó lè fò dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí i lórí òkúta tó tẹ́ apá sílẹ̀ gbalaja, ó ń yá oòrùn ni. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ má dúró sójú gbangba, ẹ lọ sẹ́yìn igbó tó dènà ẹ̀fúùfù, ibẹ̀ ni wọ́n sá sí. Ẹ rọra rìn, ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ lé e lórí, torí òjìji ló máa ń lé e lọ kí ẹsẹ̀ yín tó débẹ̀.

Bínókúlà kì í ṣe dandan níbẹ̀rẹ̀, ẹ yá tẹni kan lò ná. Tẹ́ ẹ bá máa rà, 8x42 tó. Ìlọ́po 8 ló fi ń mú nǹkan tóbi, 42 sì ni fífẹ̀ dígí iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Ẹ bèèrè bóyá ó lè rí nǹkan tó wà ní mítà méjì péré kedere, torí labalábá.

Ọ̀rọ̀ pé ẹ sún mọ́ wọn tí wọ́n fi fò, ìyẹn ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Láti July, ọ̀pọ̀ àwọn ẹyẹ yìí ti ń padà bọ̀ láti ilẹ̀ Arctic, ilẹ̀ olótùútù ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, níbi tí wọ́n ti lọ pamọ, àyà àwọn mìíràn ṣì pupa bíi bíríkì. Ọ̀rá ni wọ́n ń kó jọ sára fún ìrìnàjò tó kù, gbogbo ìgbà téèyàn bá sì lé wọn fò, ọ̀rá yẹn ló ń jó dànù. Ní 2022, godwit kan, ọ̀kan lára àwọn ẹyẹ etí omi yìí, tí kò ju ọmọ oṣù márùn-ún lọ gbéra ní Alaska ní Amẹ́ríkà, kò balẹ̀ àfi ní Tasmania, erékùṣù kan ní Ọsirélíà, ọjọ́ 11 gbáko lókè, nǹkan bíi kìlómítà 13,560, kò jẹ, kò mu, torí kò lè balẹ̀ sórí òkun kó tún gbéra. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n dè mọ́ ọn ló jẹ́ ká mọ̀. Ṣé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká máa sáré lé?

Tó bá sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ sọ́mà ni, orí ilẹ̀ lásán ni púpọ̀ nínú wọn ń yé sí, ẹyin wọn jọ òkúta. Tẹ́ ẹ bá rí ẹyẹ tó ń wọ́ apá nílẹ̀ bí ẹni pé ó kán, apá ò kán o, ó ń tàn yín kúrò nídìí ọmọ ẹ̀ ni. Ẹ yáa padà gba ibi tẹ́ ẹ gbà wá. Ẹ má sì rìn wọnú ẹrẹ̀ rárá, omi lè gba ẹ̀yìn yí yín ká kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá jókòó, ẹ máa rí nǹkan. Ẹyẹ etí omi kan tí wọ́n ń pè ní curlew, tí ẹnu ẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé, wá síbi tí kò jìnnà sí mi lọ́jọ́ kan, ó ti ẹnu yẹn bọ ẹrẹ̀ títí dójú, ó dúró, ó yí orí díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ojú kọ́kọ́rọ́ lókùnkùn. Ṣóńṣó ẹnu ẹ̀ yẹn mọ nǹkan lára, ó sì lè ṣí nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún kí ìyókù ẹnu ṣì wà ní pípadé. Ó wá ń fa ekòló kan bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà já, ó gbé e lọ sínú omi, ó ṣàn án, ó gbé e mì. Mi ò mọ ìgbà tí mo di èémí mú.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ọmọ mi ọmọ ọdún méje mú labalábá, nǹkan bí àtíkè wá kún ìka ẹ̀. Ó ń sunkún pé òun ti pa á. Ṣé lóòótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìpẹ́ ni àtíkè yẹn, bíi ti ẹja, ó kàn kéré gan-an ni, òun ló ń fún apá labalábá láwọ̀. Èyí tó bá ti ṣí kì í hù padà, àmọ́ tí kò bá pọ̀ jù labalábá á ṣì máa fò. Kó má mú un mọ́ ṣá. Ẹ ní kó na ọwọ́ tó ti làágùn sílẹ̀ kó sì jókòó jẹ́ẹ́, iyọ̀ inú òógùn máa ń fa àwọn mìíràn wá. Ọ̀kan bà lé ọrùn ọwọ́ mi rí, ó tú ẹnu ẹ̀ tó ká bíi wáyà, ó ń fi tọ́ ara mi wò, ó ń rìn mí wìnnìwìnnì. Ẹsẹ̀ gan-an ló sì fi ń tọ́ nǹkan wò ṣáájú o.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní labalábá fi ara ẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Àǹtí, ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Mo bọ̀wọ̀ fáwọn àgbà, ṣùgbọ́n labalábá kan tí wọ́n ń pè ní painted lady ò gbọ́ òwe yẹn. Kò wúwo tó gíráàmù kan, síbẹ̀ ó ń ti Áfíríkà sọdá òkun wọ Yúróòpù, ó sì ń lọ títí dé ìtòsí Arctic. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń rò pé òtútù ló ń pa wọ́n sọ́hùn-ún, àfìgbà tí ìwádìí kan jáde ní 2012 tí rédà, ẹ̀rọ tó ń rí ohun tó ń fò lókè, fi hàn pé wọ́n ń padà, òkè tó ju mítà 500 lọ ni wọ́n gbà, ojú wa ò lè tó wọn níbẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan ló ń lọ tó ń bọ̀ o, ó lè tó ìran mẹ́fà, bàbá á bẹ̀rẹ̀, ọmọ-ọmọ-ọmọ á parí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fọ̀nà han ìkankan nínú wọn.

Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ sọ́mà tí àwọ̀ ẹ̀ ti ṣá, tí etí apá ẹ̀ ti ya, ẹ wò ó dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọ̀nà jíjìn dé ni. Àwọn tó ń dán yanran tẹ́ ẹ máa rí ní August, àwọn ọmọ ẹ̀ nìyẹn.