Ádímírà Ń Bọ̀ Wá Bá Ọmọ Mi Sọ̀rọ̀: Ṣé Ogun Ni?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Nefí, ẹ kú iṣẹ́ o. Wùnmí ọmọ mi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ó sì tún wà nínú Navy Reserve, àwọn ológun ojú omi tí wọ́n máa ń pè nígbà tí wọ́n bá nílò wọn. Ó pè mí ní Sátidé pé ádímírà kan, ọ̀gá àgbà nínú àwọn ológun ojú omi, ń bọ̀ wá bá wọn sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, oorun ò kùn mí mọ́. Ṣé wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sójú ogun ni?
Ìyá Wùnmí, aláṣọ àdìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ìyá Wùnmí, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi ń pe irú wọn sẹ́nu iṣẹ́, ibi tó ń lọ àti ọjọ́ tó máa gbéra á sì wà nínú rẹ̀. Mi ò ní tàn yín o: wọ́n lè pè é lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe pe ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Ìráàkì àti Afghanistan lẹ́yìn 2001. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀wò ọ̀gá kọ́ ni àmì rẹ̀.

Láti 1915 ni Navy Reserve yìí ti wà. Òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù àti bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ṣe ti ológun, wọ́n á sì padà sídìí iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ. Àwọn ọ̀gá kì í rí wọn lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá bá wọn.

Ohun tó ká mi lára jù nìyí. Kí n tó fẹ̀yìntì wá sílé ní Ìbarà, ọdún 22 ni mo lò nínú nefí ilẹ̀ wa. Mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ádímírà kan wá sí ibùdó wa. Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbálẹ̀, tá a fi kun òkúta etí ọ̀nà ní ọ̀dà funfun. Bàtà mi ń dán, àmọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ya, omi ń wọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà dúró síwájú mi gan-an, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí ìṣòro?" Mo lọgun: "Kò sí, sà!" Oṣù méje gbáko ni mo tún fi wọ bàtà yẹn. Ó ń dùn mí dòní, torí ó dúró díẹ̀ kó tó kọjá. Ó ń retí kí n sọ̀rọ̀.

Ẹ bá mi pe Wùnmí. Ọ̀gá náà á béèrè pé ta ló ní ìbéèrè. Kó ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀, ì báà jẹ́ owó tó pẹ́ tàbí ìwé tó há sí ọ́fíìsì. Kó dìde, kó dárúkọ ara rẹ̀ àti ipò rẹ̀, kó sọ ọ́ ṣókí, bó ṣe ń ròyìn aláìsàn fún dókítà. Kì í ṣe àfojúdi rárá. Tó bá sì pè yín padà, ẹ bi í léèrè èsì tí ọ̀gá fún un, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.