“Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ”: kí ló kan ogun Hitler níbẹ̀?

Àbúrò wa kan ní Ẹ̀pẹ́ ló béèrè. Ó ní gbogbo ìgbà tí bàbá àgbà òun bá ń sọ̀rọ̀ ogun Bọ́mà (apá Ogun Àgbáyé Kejì tí wọ́n bá àwọn ará Jàpáánì jà ní Éṣíà), òwe yìí ni wọ́n máa ń pa. Ṣé ọ̀lẹ wá ni Hitler àti àwọn ará Jàpáánì ni?

Rárá o. Ibi tí ọ̀lẹ ń já sí ni òwe ní alágbára tí kò ronú ń já sí. Ó tiẹ̀ jẹ́ baba fún un, torí ọ̀lẹ kò lo agbára kankan kó tó pòfo.

Ẹ má ṣi “èrò” yẹn mú fún ọgbọ́n ìjà. Wọ́n mọ ìjà í jà: nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Jámánì fi borí Faransé ní 1940. Èyí tí wọn ò rò ni pé, bí ìjà yìí bá pẹ́ ńkọ́? Ní 1941 wọ́n kó bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ ogun wọ Rọ́ṣíà, wọ́n ní kí òtútù tó dé, ó ti parí. Òtútù bá wọn lẹ́nu ọ̀nà Moscow láìsí aṣọ òtútù. Oṣù Kejìlá yẹn náà ni Hitler tún fẹnu ara rẹ̀ kéde ogun sí Amẹ́ríkà! Nígbà tó fi di oṣù Kejì 1943, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó kù ní ìlú Stalingrad ní Rọ́ṣíà ti juwọ́ sílẹ̀.

Ti Bọ́mà ló ba òwe náà mu jù. Ní 1944, ọ̀gágun Mutaguchi kó àwọn ará Jàpáánì láti Bọ́mà gba orí òkè lọ sí Imphal àti Kohima ní Íńdíà, tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Oúnjẹ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé dání, wọ́n ń da màlúù tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n ní bó bá tán, àwọn á jẹ ti Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ò kúrò, bàálù sì ń já oúnjẹ fún un. Ebi àti àìsàn ló pa èyí tó pọ̀ nínú àwọn ará Jàpáánì tó kú.

Lọ́dún kan náà, Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ń jà ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Bàálù ló ń bọ́ wọn, àwọn aláàárù sì ń fi orí ru ẹrù. Aláǹtakùn ni àmì apá aṣọ wọn: Ànáńsè ti àlọ́ àwọn ará Gánà, ẹlẹgbẹ́ Ìjàpá tiwa, tí kò lágbára kankan àfi èrò. (Ó wù mí ju àmì kìnnìún lọ.)

Bí ẹ bá fẹ́ pa òwe náà níwájú bàbá àgbà, ẹ má gbàgbé “tótó ó ṣe bí òwe”. Wọ́n á ní ẹ ó rí òmíràn pa.