Omi ojú lórí aṣọ ẹlẹ́kọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé kí ló ń mú wa fi ọwọ́ ya àdìrẹ nígbà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́pọ̀ yanturu, àti pé ṣé ó burú bí omi ṣe bọ́ lójú yín nígbà tí ẹ tú aṣọ Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ya àwòrán ìlú Ìbàdàn sí, ti ìyá yín àgbà wò. Kò burú rárá.

Ní tèmi, kì í ṣe owó ló ń fà mí. Mo máa ń ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, màá fà á sára aṣọ funfun, ilà kan tẹ̀lé òmíràn, kí aró má bàa mú ibẹ̀. Ọwọ́ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Tó bá yá, ọkàn mi á balẹ̀. Ó wá ku aró. Bí a bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú wa níbẹ̀. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, síbẹ̀ orí mi ṣì máa ń wú.

Ẹ tún wo àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó ìlú Ìbàdàn tí wọ́n yà sára aṣọ yẹn. Wọn ò dọ́gba. Ibi tí ẹ̀kọ ti tán lórí ìyẹ́, tí ẹni tó yà á tún ti ìyẹ́ náà bọ inú ẹ̀kọ, máa ń hàn. Ọwọ́ èèyàn lẹ rí, òun ló pa yín lẹ́kún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́. Ibòòji ni kí ẹ sá a sí.