Èsì: Kí la tún ń bá Niger, Mali àti Burkina Faso sọ?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní kí làwa Nàìjíríà tún ń bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ, nígbà tí wọ́n ti kúrò nínú ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti oṣù kìíní ọdún 2025. Lójú tèmi, ìsinsìnyí gan-an lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀.

Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2023. ECOWAS ti fìyà òfin jẹ Niger nítorí pé àwọn ológun fipá gbàjọba níbẹ̀, ó sì ń halẹ̀ ogun. Àwọn aṣojú tí wọ́n kọ́kọ́ rán dé Niamey, olú-ìlú Niger, wọn ò fojú kan Ọ̀gágun Tchiani, olórí àwọn tó gbàjọba náà. Láìpẹ́ ni Sanusi Lamido Sanusi, tó ti jẹ Ẹ́míà Kano rí àmọ́ tí kò sí lórí oyè nígbà yẹn, lọ. Tchiani gbà á lálejò. Àwọn àfáà tí Sheikh Bala Lau ṣáájú tún lọ, Tchiani sì jókòó tì wọ́n. Háúsá ni wọ́n jọ ń sọ, ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì gbé ìhalẹ̀ dání.

Faransé ti kó ọmọ ogun ẹ̀ kúrò ní Niger, Amẹ́ríkà náà ti lọ ní 2024, Rọ́ṣíà ti wọlé. Ṣùgbọ́n Rọ́ṣíà ò bá Niger pààlà ní Jibiya, ìlú ẹnu bodè ní ìpínlẹ̀ Katsina, àwa ni. Katsina ni mo ti ń tajà. Nígbà tí wọ́n ti bodè pa, mo rí àpò àlùbọ́sà tó ń ṣomi nínú ọkọ̀. Ó dùn mí wọra.

Tuggar, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wa nígbà náà, lọ sí Niamey ní oṣù kẹrin 2025, ó dára. Kí ìjọba wa jẹ́ kí àwọn àfáà, ọba àti oníṣòwò náà máa lọ máa bọ̀, kí ọ̀rọ̀ àwọn agbébọn ẹnu bodè sì ṣáájú.